Bàbá Ráfíù Ti Fi Wá Sílẹ̀

Ìgbà tí náírà ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ará ilé gbà pé gbogbo àwa tó ń ná owó séfà nílẹ̀ òkèèrè, ní Libreville, ti di olówó. Olówó wo! Ọjà ò tà. Owó ìsọ̀ ń lọ sókè, ìrẹsì ń lọ sókè, àwọn kan sì ń sọ ọ́ kiri pé séfà náà máa tó já. Kí n tó bọ́jú láàárọ̀, ohùn ẹbí á ti kún inú fóònù mi, ẹ̀gbọ́n mi láti Ìsẹ́yìn, àbúrò ọkọ mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn ń kí mi, gbogbo wọn ń sunkún. Ìyá Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Télọ̀ ni mí ní àdúgbò Derrière la Prison, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn onísọ̀ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Mo ti kígbe níwájú ọ́fíìsì rí, wọ́n ti fín tajútajú sí mi lójú rí. Kò sí èyí tó dùn mí tó èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, torí kò sí ọlọ́pàá tó nà wá nínú rẹ̀. Àwa la nara wa.

Ìlà ìsọ̀ kan ní Sotega ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ àdúgbò fẹ́ gba ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn, wọ́n ní àwọn á fi “scellé” di àwọn ìsọ̀ náà pa. Bébà pupa ni, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ya á. Ìsọ̀ àkọ́kọ́ ní ìlà náà jẹ́ ti Bàbá Ráfíù, ọmọ Ṣakí, tó ń ta ẹní àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bàbá yìí ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Bí bébà yẹn bá fi lè kan ilẹ̀kùn wọn, ọ̀nà ọ̀fun ti dí nìyẹn, torí wọn ò ní nǹkan mìíràn láyé ju ìsọ̀ yẹn lọ. Ohun tí a fẹ́ ṣe ò le. Lọ́jọ́ tí àwọn aláṣẹ bá ń bọ̀, gbogbo onísọ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kristẹni, á ti ìsọ̀, a ó sì lọ dúró níwájú ìlà náà. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà kan, àwọn aláṣẹ sì yí padà.

Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ẹsẹ̀ la fi ń pe ara wa. Nígbà tó yá, a kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lọ sórí fóònù, sínú ilé ńlá kan tí gbogbo ayé ń gbé. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú rẹ̀ gan-an lẹ ti ń ka èyí. Ọ̀fẹ́ ni, ó rọrùn, ìyá gbogbo wa sì wà níbẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó kó èrò jọ sójú ewé ẹgbẹ́ wa níbẹ̀. A gbé fídíò Bàbá Ráfíù síbẹ̀, tí wọ́n ń ṣàlàyé ìyà tó ń jẹ wá, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ewé náà ò sí mọ́. Wọ́n ní a rú òfin. Òfin wo? A kọ̀wé, ẹ̀rọ ló dá wa lóhùn. Ẹ wò ó, bí onílé ẹni bá burú tó, èèyàn á mú àgbà dání lọ bẹ̀ ẹ́. Èyí, ta la fẹ́ mú dání? Ilé ta la fẹ́ lọ? Gúrúùpù wa nìkan ló kù, ìyẹn náà sì ń jò. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ lónìí, etí àwọn aláṣẹ á ti gbọ́ ọ kó tó dọ̀la.

Mireille Adébáyọ̀ ló mú ọ̀nà mìíràn wá. Nọ́ọ̀sì ni, ará Ṣakí ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Libreville ni wọ́n bí i sí. Faransé ló fi ń lálàá, síbẹ̀ ó máa ń fi tipátipá sọ Yorùbá fún wa, ọ̀wọ̀ ló fi ń ṣe. Ó rí ibùdó kékeré kan lórí fóònù, tí kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè yọ́ wọ̀ láìjẹ́ pé a ṣílẹ̀kùn fún un. A sọ ibẹ̀ ní Àgbàlá. A wá pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Charbonnages.

“Ta ló wà níbẹ̀?” Alàgbà Ọlátúnjí, alága wa, ló béèrè.

“Ẹ̀yin lẹ máa wà níbẹ̀, sà,” Mireille dáhùn.

“Mo ní ta ló wà níbẹ̀ báyìí?”

“Kò tíì sí ẹnì kankan, sà.”

“Ẹn-ẹn! O wá fẹ́ kí n lọ máa dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè?”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní inú ilé ńlá ni ẹni tó ń kó léèsì ránṣẹ́ sí òun láti Kútọnu ti ń fi àwòrán hàn òun. Òmíràn ní mégà íńtánẹ́ẹ̀tì tí òun ń rà, ilé ńlá nìkan ló wà fún. Bí òun bá ṣí Àgbàlá, owó mìíràn ni. Ẹnì kan ní ìyá òun ò mọ̀wé, ọmọ aládùúgbò ló fara balẹ̀ kọ́ ọ bó ṣe ń tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, ta ló máa tún kọ́ ọ ní tuntun? N kò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń wí pé “Ẹ máa lọ ná, à ń bọ̀” ló bí mi nínú. Mo dìde.

“Bí gbogbo wa bá ń dúró de ara wa, ta ló máa kọ́kọ́ lọ? Àga ìjọ?”

Bàbá Ráfíù wúkọ́. “Èmi ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bí ẹ̀yin bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àwa náà bá kúrò ní àsálátù, èmi ni n ó kọ́kọ́ jáde. Kí ẹ tẹ̀lé mi. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Nínú ìpàdé, ọwọ́ nínà kì í wọ́n wa.

Bàbá Ráfíù pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́. Kì í ṣe inú gúrúùpù nìkan ni wọ́n ti jáde, wọ́n yọ ilé ńlá náà kúrò lórí fóònù wọn pátápátá. Lójú fóònù tiwa, ìlà kékeré kan yọ lédè Faransé: “Bàbá Ráfíù a quitté.” Pé wọ́n ti jáde nìyẹn. Inú Mireille dùn. Ó ronú pé ó yẹ kí àwọn ará Ṣakí gbọ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á ti máa rí bàbá, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù wọn. Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀:

“Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin òbí wa. Bàbá Ráfíù ti fi wá sílẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Ẹ má ṣàníyàn, ibi tí wọ́n lọ dára ju ibí lọ. Àwa náà ti ń múra, a máa tẹ̀lé wọn.”

Yéè! Ọmọ yìí tú Faransé ẹ̀rọ sí Yorùbá láìṣì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí àgbà Yorùbá fi ń bo ikú lójú ni kò mọ̀.

Ṣakí dàrú. Àdúrà òkú bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ bí òjò. Wọ́n pe Bàbá Ráfíù nínú ilé ńlá, kò dún, wọ́n tún pè, kò dún, torí bàbá ò sí níbẹ̀ mọ́. Owó tí wọ́n á fi pè wọ́n ní ìpè gidi láti Nàìjíríà, ta ló ní in nígbà yẹn? Ìròyìn náà gba ilé ńlá padà sọ́dọ̀ wa ní Libreville, àwọn tó ti fẹ́ jáde dúró, wọ́n ń kọ “ẹ kú àfẹ́kù”. Èèyàn kan tiẹ̀ pè mí, ó ń sunkún bàbá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tó ń jẹ máńgòrò níwájú ìsọ̀!

Mo sáré lọ bá wọn. “Bàbá, wọ́n ní ẹ ti kú.”

“Níbo?”

“Ní Ṣakí.”

“Ó dáa tó jẹ́ Ṣakí. Mo rò pé ibí ni.”

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún wọn pé ìyá wọn ti gbọ́, máńgòrò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá náà ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Bàbá Ráfíù fi owó tó wà lápò wọn ra káàdì, wọ́n pe ìyá ní ìpè gidi. Ìyá kọ̀.

“Ohùn kọ́ ni mo fẹ́. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú fóònù yìí títí dòní, mò ń gbọ́ ọ nígbà gbogbo. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ wà láyé ni? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ mi.”

Ilé ńlá nìkan ni fóònù Ṣakí mọ̀ tí a fi ń rí ojú èèyàn. Mireille ló fi tirẹ̀ pè, ó ń bẹ bàbá, “Pardon, tonton, pardon.” Bàbá Ráfíù jókòó síwájú fóònù náà. Ìyá wò wọ́n títí.

“Ìwọ ni lóòótọ́,” ni ìyá wí. “Kí la ṣe fún ọ, tí o fi kúrò láàrin wa?”

Bàbá Ráfíù tí n kò rí kí wọ́n sunkún níwájú ọlọ́pàá rí, wọ́n dorí kodò. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún ìyá ẹni? Kó máa ṣàlàyé ìpolówó ọjà?

Bí ìṣíkiri wa ṣe parí nìyẹn. Àwọn ènìyàn wọ Àgbàlá lóòótọ́, wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n kí ara wọn kú ilé tuntun, wọ́n sì padà sí ilé ńlá lọ jókòó. Alàgbà Ọlátúnjí sọ Bàbá Ráfíù ní Àkúdàáyà, òkú tó ṣí lọ ń gbé láàrin alààyè nílùú onílùú. A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Ráfíù gba orúkọ, ṣùgbọ́n wọn ò padà. “Ilé tí wọ́n ti sin mí, kí ni n ó tún wọ̀ ọ́ ṣe?” Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á lọ fi fóònù Mireille rí ìyá wọn.

Ọjọ́ tí a ń retí kò tíì pé nígbà tí Mireille gbọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé àwọn aláṣẹ ti yí i padà, pé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ń bọ̀. Bàbá Ráfíù kọ ọ́ sínú Àgbàlá: “Ọ̀la ni o. Kí gbogbo wa ti ìsọ̀, ká pàdé ní Sotega kí oòrùn tó mú.” A ò kọ ọ́ sílé ńlá, torí bí wọ́n bá tún ti gbọ́, ọlọ́pàá ló máa ṣáájú wa débẹ̀. Kò sí èsì lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo pe àwọn tí owó fóònù mi ká, mo sì fi ẹsẹ̀ tó ń ro mí yí Derrière la Prison ká nírọ̀lẹ́ yẹn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wí fún mi?

“Ìyá Dúpẹ́, bó bá jẹ́ òótọ́ ni, à bá ti rí i nínú gúrúùpù.”

Èmi tí mo dúró síwájú wọn, tí mò ń mí! Wọ́n ń bẹ fóònù wò kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́. “Ṣé gúrúùpù ló bí yín ni?” mo bi ọ̀kan nínú wọn. Ó ní kí n má bínú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, yàtọ̀ sí àwọn tó ni ìlà náà, èmi àti Mireille nìkan la wá. Aṣọ nọ́ọ̀sì ni Mireille wọ̀ wá síbẹ̀. Àwọn aláṣẹ dé, ọ̀gá wọn wò wá, ó ní, “C'est tout?” Ó fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo wa náà nìyẹn. Kò halẹ̀, kò pariwo. Ó tiẹ̀ ní ká rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí gọ́ọ̀mù má bàa ta sí wa láṣọ. Bí wọ́n ṣe lẹ bébà pupa mọ́ ilẹ̀kùn Bàbá Ráfíù nìyẹn, tòun ti gbogbo ẹní tó wà nínú rẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, fọ́tò bébà náà ti dé ilé ńlá. Ẹ wá wo ẹkún! “Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà,” wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ yẹn náà là ń wá láàárọ̀.

Bàbá Ráfíù padà sí Ṣakí. Ìwọ̀nba séfà ọwọ́ wọn di náírà tó pọ̀ lójú, tí kò ra nǹkan. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé kí la jèrè, n kò ní purọ́ fún yín. Wọn ò di ìsọ̀ tó kù ní ìlà náà pa, torí fọ́tò inú ilé ńlá yẹn kan náà tàn kálẹ̀, ojú sì ti àwọn aláṣẹ díẹ̀. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ tún ń bi mí bóyá ọ̀lẹ ni àwọn èèyàn wa. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Ara wa la ò lè fi sílẹ̀, onílé náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi dá wa lóhùn nígbà tí a kọ̀wé sí i. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà lọ́rùn wa. Ọkùnrin kan gba ọ̀rọ̀ ìpàdé gbọ́, ó kọ́kọ́ jáde, ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. N kò mọ bí a ṣe máa san án.

Ní Ṣakí, Bàbá Ráfíù padà sínú ilé ńlá, torí ọ̀dọ̀ wa náà ti di òkèèrè sí wọn. Láràárọ̀ ni ohùn wọn máa ń wọlé sí gúrúùpù: “Àkúdàáyà ń kí yín o. Ṣé ẹ jí?” Èmi náà ò kúrò níbẹ̀. Níbo ni n ó ti máa gbọ́ ohùn wọn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn náà ò wọlé. Ọ̀rọ̀ tí Ráfíù ọmọ wọn kọ ló wọlé: “Bàbá mi ti fi wá sílẹ̀.”

Alàgbà Ọlátúnjí ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, “Gúrúùpù wo ni wọ́n tún kúrò?”