Kòtò Kọ́, Ihò Àpáta Ni

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pe ọkùnrin yẹn ní Tún-un-wọ̀n, àmọ́ onítọ̀hún ò purọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jókòó kọjú sí i ní ọ́fíìsì àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Òun ló ń fi téèpù wọn ilẹ̀, èmi ni mò ń yà á sórí ìwé. Bó bá wọn títì tán, tí gbogbo wa ti ń kó ẹrù ká máa lọ, á ní, "Ẹ tún un wọ̀n." Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé tábìlì tuntun dé fún mi, ó wọn ilẹ̀kùn, ó wọn tábìlì, ó tún padà wọn ilẹ̀kùn. Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ kúkú wọn èmi náà." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹnu ẹ ni téèpù mi ò ní ká."

Ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ìwé ẹ̀yẹ kan wà tí wọ́n máa ń fún ẹni tí kò ní àṣìṣe kankan lórúkọ títí tó fi lọ, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tẹ́nikẹ́ni ti gbà á kẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀ dè é. Mo fojú mi rí ìṣó ọ̀hún.

Bá a ṣe wà nìyẹn tí Ìyá Alágbàfọ̀ fi já wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọṣẹ ṣì ń hó lápá rẹ̀. Ìjọba fẹ́ mú títì tó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá lẹ́bàá òkè fẹ̀ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé lóòótọ́ ni pé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ fẹ́ da kọnkéré sínú ihò wa?"

Ọ̀gá wa, obìnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí àmọ́ tí ẹ̀rín ẹ̀ wọ́n ju omi ẹ̀ẹ̀rùn lọ, ṣí ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ ńlá. "Kò sí ihò níbẹ̀, Ìyá. Kòtò lohun tá a kọ síbí. Kòtò, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà."

"Kòtò kẹ̀!" Ìyá Alágbàfọ̀ pàtẹ́wọ́. "Kòtò tí ogójì èèyàn ń jókòó sí bí ooru bá mú? Kòtò tí omi ń sun nínú ẹ̀, tí mo fi ń fọṣọ láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ? Ẹni tó kọ ìyẹn ò débẹ̀ rí láyé ẹ̀!"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ kòtò ni, ẹ da nǹkan dí i, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Tó bá jẹ́ ihò àpáta ni, òfin ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, títì ló máa yà fún un. Ẹni tó bá sì kọ nǹkan sínú ìwé ńlá yẹn, òun nìkan ló lè fagi lé e, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdí tó fi fagi lé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ọ̀gá tó lè bá a ṣe é.

Mo yọjú wo ìwé náà. Èwo tún nìyí? Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn bí mo ṣe mọ tèmi. Mo bojú wẹ̀yìn. Tún-un-wọ̀n ń gbẹ́ pẹ́ńsù tó ti mú tẹ́lẹ̀, èérún ẹ̀ sì ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

Mo ká a mọ́ ẹ̀yìnkùlé ọ́fíìsì. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Èmi ni. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n." Kò lè wojú mi. "Mi ò wọ̀ ọ́, mi ò sì wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rù ló bà mí. Òkùnkùn ibẹ̀ ṣú biribiri, nǹkan kan sì ń fò kiri nínú ẹ̀. Mo na téèpù dé ibi tí ojú mi ríran dé, mo kọ kòtò, mo bá tèmi lọ."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọn tábìlì èmi ọmọ ọlọ́mọ!" Mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, inú tún bí mi. Wọ́n ní irọ́ lè máa lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Òwe yẹn ti dé ètè mi kí n tó rí i pé omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo gbé e mì. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, ká má parọ́. Bó bá dákẹ́, kọnkéré á bo gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé ẹ̀yẹ á sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ lọ wú kọnkéré wò?

Àmọ́ kò dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú tábìlì ọ̀gá, ó sì rò ó tán pátá, tòun ti ẹ̀rù. Akọ̀wé kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fojú gún un, ó pa á mọ́ra.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé ìwé ìbáwí ló máa tẹ̀yìn èyí yọ? Ìwé ẹ̀yẹ ti lọ nìyẹn o."

"Mo mọ̀, mà."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n lọ́la. Lọ́jọ́bọ̀, èmi fúnra mi máa wá wò ó."

Lọ́jọ́rú, èmi àti òun la jọ lọ. Èmi di orí téèpù mú, òun mú tọ́ọ̀ṣì. Ó ń tan iná káàkiri ògiri kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Àdán rọ́ lù wá, a jọ pariwo, mi ò ní sọ ẹni tí tiẹ̀ ròkè jù. Téèpù alàádọ́ta mítà tán, a tún un nà. Ó tún tán. Ìgbà kẹta la tó kan ibi tí omi ti ń sun, ó mọ́ gaara, ó tutù wọnú eegun. Bàbá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. "Gbogbo èyí," ó ní, "ni mo pè ní kòtò."

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá dé tòun ti ìwé ńlá lábíyá. Ó dé ẹnu ihò, ó dúró. Ó wo inú, ó wo aago.

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́fíìsì," ó ní. "Ẹ sáà sọ iye tó jẹ́ fún mi."

Tún-un-wọ̀n sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí Ìyá Alágbàfọ̀ tó dúró nítòsí má bàa gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi gbọ́ tèmi. "Ọ̀gá, ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ò ṣe é tijú fún o, àfi téèyàn bá fi pamọ́. Ẹ di apá mi mú."

Mo ní nínú ọkàn mi pé ó parí fún un lónìí. Àfi bí obìnrin náà ṣe di apá rẹ̀ mú, tí wọ́n rọra wọlé. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ ẹ̀rín ọ̀gá láti inú lọ́hùn-ún, ẹ̀rín gidi, tí ihò ń dá padà fún un.

Orí tábìlì ìlọṣọ Ìyá Alágbàfọ̀ ni wọ́n ṣí ìwé lé. Bàbá fi báírò pupa fagi lé kòtò. Ó kọ "ihò àpáta, mítà mẹ́tàdínlógóje", ó sì kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ẹ̀rù bà mí, mi ò wọlé." Ọ̀gá fọwọ́ sí i, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí títì yà gba ọ̀nà kejì. Ìyá Alágbàfọ̀ figbe ayọ̀ ta, ó sì so mọ́ bàbá lọ́rùn tòun ti ọṣẹ.

"Ìwé ìbáwí yín ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé o, Bàbá," ọ̀gá ní, ó ń gbọn amọ̀ kúrò létí yẹ̀rì rẹ̀.

"Ẹ fi ránṣẹ́, mà," ó ní. "Ọwọ́ méjèèjì ni màá fi gbà á."