Òrí Ìyá Mọ́nsúrù àti Fèrèsé Onídígí

Láyé ìgbà náà, ẹni tí kò bá mọ Àwáwù, ìyá Mọ́nsúrù, ní Ìṣẹ́yìn, á jẹ́ pé kò ní awọ lára ni. Torí ẹni tó bá ní awọ lára, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀ wá ra òrí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan èso òrí, òun ló ń gún un, òun ló ń pò ó, òun ló ń sè é nínú ìkòkò ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé. Bó bá ti ń pò ó báyìí, àwọn obìnrin àdúgbò á ti yí i ká, ẹ̀rín á ti sọ. Ẹ gba ohun gbogbo lọ́wọ́ Àwáwù, ẹ má gba ìkòkò yẹn.

Ìkòkò yẹn gan-an lọmọ rẹ̀ sì fẹ́ gbà. Mọ́nsúrù ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná, nǹkan sì ń ṣẹnuure fún un. Ó kọ́lé fún àwọn òbí rẹ̀: ilé búlọ́ọ̀kù, òrùlé páànù, àti fèrèsé onídígí ńláńlá tó jẹ́ pé téèyàn bá tì í, á ṣí síta bí ilẹ̀kùn. Yàtọ̀ sí ilé nọ́ọ̀sì tó wà lódìkejì, pákó ni fèrèsé gbogbo àdúgbò. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé, Mọ́nsúrù wo ìkòkò òrí, ó wo dígí, ó fajú ro.

"Ìyá, èéfín àti ọ̀rá òrí yìí á ba dígí jẹ́. Ẹ ti ṣe tó. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ máa sinmi."

"Kí n jókòó sórí àga kí n máa ṣe kí ni? Kí n máa ka eṣinṣin?"

"Ó dáa. Bí mo bá dé ní Iléyá, tí mo bá bá dígí yìí ní mímọ́ kedere láìsí ilà kankan, n kò ní sọ̀rọ̀ òrí mọ́ láéláé. Àmọ́ tí mo bá rí ilà lára ẹ̀, ìkòkò ń lọ nìyẹn."

"Mo gbà!" ni Àwáwù wí. Ẹnu lásán ló fi gbà á o.

Iléyá ọdún náà bọ́ sáàárín ọyẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọyẹ́ Òkè-Ògùn: eruku á bo igi, á bo ewúrẹ́, á bo omi inú ìkòkò. Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ méjì, Àwáwù bu omi, ó da ọṣẹ lúbúlúbú sí i, ó fọ dígí. Nígbà tó gbẹ, ilà ti fà látòkè dé ilẹ̀. Ó tún un fọ̀, ilà tún pọ̀ sí i. Ó fi eérú nù ún bí wọ́n ṣe ń nu gíláàsì àtùpà, àfi bí ẹni pé kùrukùru sọ̀ sínú ilé. Inú bí i, ó bú dígí.

Nọ́ọ̀sì òdìkejì, Ìyá Olúwaṣọlá, gbọ́ èébú náà, ó rẹ́rìn-ín wọlé.

"Ẹ rọra, Ìyá Mọ́nsúrù. Ọṣẹ yẹn pọ̀ jù. Ẹ sì jẹ́ kí oòrùn kúrò lára rẹ̀ ná, torí tí dígí bá gbóná, omi á gbẹ kí ẹ tó nù ún, ilà á kù síbẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sómi, ẹ fi aṣọ tí ẹ ti fún dáadáa nù ún, kí ẹ wá fi ìwé ìròyìn gbígbẹ kín in."

Nígbà tí oòrùn yẹ̀, nọ́ọ̀sì nu fèrèsé kan lójú rẹ̀. Dígí náà mọ́ débi pé Àwáwù na ọwọ́ láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó gba aṣọ, ó gba ìwé ìròyìn, ó ṣe èkejì gẹ́lẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣe é. Ilà!

"Ìyá Olúwaṣọlá, ọfọ̀ wo lẹ pè sí tiyín?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, ó wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi ìka kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìka náà yọ̀. "Òrí ni, Ìyá. Òrí ti wọ ọwọ́ yín lọ. Bí ẹ ṣe ń nu dígí lẹ ń fi òrí pa á."

Àṣé òótọ́ ni Mọ́nsúrù sọ! Àwáwù fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ ọwọ́ títí tó fi ń ta á, òrí kò lọ. Ọwọ́ tó ti ń po òrí láti kékeré, ibo ló fẹ́ lọ? Nọ́ọ̀sì ń lọ sí ìlú Ìlúà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò lè dúró. Àwáwù ní kí òun pe àwọn ọmọ agboolé, àmọ́ ta ló máa pè? Gbogbo wọn ló ń dán yinrin nínú ọyẹ́, òun náà ló sì ta òrí ọ̀hún fún ìyá wọn. Ó jókòó sórí àga tí Mọ́nsúrù rà, ó ń wo ìkòkò rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n.

Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, Àmúdà, bá a. Aṣọ òkè ni Àmúdà ń hun, ahunṣọ kì í sì í fi òrí pa ọwọ́ lójúmọmọ, kó má baà ba òwú jẹ́. Àwáwù wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó gbẹ táútáú. Ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Mọ́nsúrù, ẹ gbà mí."

"Èmi? Kí n máa nu fèrèsé?" Ọkùnrin tí kò gbé ìgbálẹ̀ rí láyé ẹ̀! Àmọ́ nígbà tó rí omi lójú ìyàwó rẹ̀, ọkàn rẹ̀ rọ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí mi o. Ti ilẹ̀kùn. Inú ilé ni n ó ti kọ́kọ́ nù ún."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọin-gbọin. Àmúdà ń nù, Àwáwù ń pàṣẹ láti ọ̀ọ́kán, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọlọ́pàá. Tọkọtaya yìí ò kúkú ronú pé dígí tó bá mọ́ á fi ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn. Bó ṣe ń mọ́ sí i ni Àmúdà ń hàn sí ìgboro.

"Àmúdà!" Sàlàkọ́ ni, ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dúró sí títì, ó lanu sílẹ̀. "O kú iṣẹ́ o! Tó o bá parí, àwọn abọ́ kan wà nílé mi tí wọn ò tíì fọ̀ o!"

Kí ni Àmúdà ì bá ṣe? Àṣírí ti tú. Ó jáde síta, ó nu ẹ̀yìn dígí náà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé báyìí làwọn ọkùnrin ń ṣe ní Kàdúná.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá ni Mọ́nsúrù dé. Eruku ọ̀nà ti bò ó, ètè rẹ̀ ti là. Kó tó kí wọn tán, ó ti wà níbi fèrèsé. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún nàró.

"Ìyá, ẹ borí. N kò ní sọ̀rọ̀ òrí mọ́."

Ó jókòó. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ ò jẹ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ọyẹ́ ti là, ó wo ìyá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá... ṣé òrí díẹ̀ ò sí nílẹ̀?"

"Òrí wo? Èyí tó o ní o ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́?" Àmọ́ kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú igbá. Ó fi pa á lójú, ó fi pa á létè, ó fi pa ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, bó ṣe máa ń ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ọmọ rẹ̀. Mọ́nsúrù dijú, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó yá, ooru mú un, ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé.

Ìka márààrún, kedere, láàárín dígí.

Mọ́nsúrù kígbe. Ó fi apá aṣọ nù ún, ó fẹ̀ sí i. Ó fi ọwọ́ kejì nù ún, ó di méjì. Àmúdà yára ki ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bọ àpò.

"Ìyá! Kí la máa fi nù ún báyìí?"

Nígbà tó máa yọjú sẹ́yìnkùlé, ìyá rẹ̀ ti ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò.