Ta Ni Yóò Ṣe Àmín?

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìkòsì, kò sí ògiri láàárín ilé wa àti ti aládùúgbò wa. Ìlà kókò kan tí ìyá mi gbìn ni ààlà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìkòsì sí ilé alájà àti géètì onírin lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n inú oko ẹ̀gẹ́ la máa ń gbà kọjá ká tó dé Kétu.

Bàbá arúgbó kan ló ń gbé ní òdìkejì ìlà kókò yẹn. Mùsùlùmí ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni àwa. Láràárọ̀ la máa ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ìrun, tí wọ́n ń tọrọ oore lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí ìyàwó wọn yóò sì máa dáhùn pé, "Àmín, àmín." Ohùn ìyá náà ló máa ń jí mi. Nígbà tí ìyá kú, àárọ̀ wa dákẹ́. Bàbá kò kírun mọ́, wọn kò sì sọ pé àwọn ti ṣíwọ́. Ọ̀la ni wọ́n ń dá.

Ìyá mi kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ké sí bàbá:

"Bàbá, a ò gbóhùn yín láàárọ̀ yìí náà."

"Ọ̀la ni, ìyàwó."

"Ọ̀la tí ẹ dá lánàá ńkọ́?"

"Ó ti kọjá kí n tó jí."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, ìgbálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ náà rò ó wò. Bí mo bá ṣàdúrà tán, ta ni yóò ṣe àmín?"

Ibi tí ìyá mi ti gbá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ń gbá.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, omi tútù ni wọ́n fi jí mi. "Lọ jókòó ti bàbá. Tí wọ́n bá ń ṣàdúrà, kí o máa ṣe àmín. Má lọ sùn síbẹ̀ o!"

Mo bá bàbá lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo wá ṣe.

"Wọ́n ní kí n wá ṣe àmín."

"Ìwọ ọmọ onígbàgbọ́ yìí?"

"Ṣé àmín tiyín yàtọ̀ ni, bàbá?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n bu omi sínú bùtà àlùwàlá wọn. Bí wọ́n ṣe dà á, eèrà ló kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde. Bàbá wò wọ́n, wọ́n mirí. Wọ́n kírun tán, wọ́n tẹ́wọ́: "Ọlọ́run, ẹni tó lọ yìí..." Mo ti yára ṣe àmín. Wọ́n fọwọ́ kan orúnkún mi. "Fara balẹ̀. Àmín kì í ṣáájú àdúrà."

Ó pẹ́ tí mo fi ń lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, bí mo bá sùn gbàgbé, bàbá kì í dúró dè mí mọ́. Orí ẹní mi ni n óò ti máa gbọ́ wọn.

Ìyá àwọn ọmọ mi náà ti lọ báyìí. Èmi nínú àga, òun nílé ìdáná, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣàdúrà àárọ̀ wa, àmín rẹ̀ yóò sì máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé bá mi. Láti ìgbà tí a ti sin ín, bí àwọn ọmọ bá béèrè lórí fóònù pé, "Dádì, ẹ ti gbàdúrà?", n óò ní ó di ọ̀la. Mo fẹ́ kí ọkàn mi kọ́kọ́ fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Ògiri ilé mi ga jù mí lọ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé àwọn aládùúgbò ti jí. Láyé ìgbà yẹn, bí ilé kan bá dákẹ́ láàárọ̀, ilé kejì yóò mọ̀. Lónìí, èèyàn lè dákẹ́ títí, kò sí ẹni tí yóò rán ọmọ sí i. Mi ò dá yín lẹ́bi, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí a ṣe kọ́lé nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó sínú àga náà. Mi ò dúró de ọkàn tó fúyẹ́. Mo dárúkọ rẹ̀, mo dárúkọ àwọn ọmọ, mo sì dákẹ́ níbi tó ti máa ń dáhùn. Ilé ìdáná kò fọhùn. Mo fara balẹ̀ díẹ̀ sí i, mo wá ṣe àmín fúnra mi.