Àǹtí, Títí Ìwé Yóò Fi Jáde

Oyún mẹ́ta ni Aránṣọ ti ní rí, kò sì sí ọmọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló dùn ún jù, nítorí ìyẹn dé ilé ayé, ó sì lo ọjọ́ mẹ́fà. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, ìyá ọmọ ni gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀ ń pè é: ìyá ọmọ, ṣé ẹ ti jẹun, ìyá ọmọ, omi ti gbóná. Nígbà tó di ọjọ́ keje, wọn ò mọ ohun tí wọn yóò pè é mọ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan ṣèèṣì tún pè é bẹ́ẹ̀, ló bá yára fọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ tí ọmọbìnrin yẹn fi bo ẹnu ni Aránṣọ ò gbàgbé. Ó búra pé ẹnikẹ́ni ò ní fi orúkọ yẹn pe òun mọ́, àfi lọ́jọ́ tí ọwọ́ òun bá tẹ ọmọ ní tòótọ́.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, nítorí ẹ ó bú u. Èmi náà ti bú u.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, òun àti ọkọ rẹ̀ kọ̀wé sí ilé ọmọ aláìlóbìí kan lókè òkun pé àwọn fẹ́ gba ọmọ. Wọ́n fi ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan hàn wọ́n, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ le. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ wá bá a gbé nílùú rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, lẹ́yìn náà ni adájọ́ yóò tó sọ bóyá kó máa mú un lọ sílé tàbí kó fi í sílẹ̀. Ọkọ ò lè fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Aránṣọ ló ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa, ó dágbére fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì wọ bàálù.

Yàrá kan ló gbà lórí àjà kẹrin. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Nísàlẹ̀ ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù àgbàfọ̀ kan wà, bàbá arúgbó kan tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà ló ni ín. Bàbá Àgbàfọ̀ ní kó wá jókòó síwájú fèrèsé òun, kó máa gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kó máa pààrọ̀ sípù. Nígbà tí wọ́n fa ọmọ náà lé e lọ́wọ́, abẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ náà máa ń wà. Oṣù kìíní, kò sọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì ló ń ṣà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: dúdú síbí, funfun sọ́hùn-ún, àwọn tó ti sán sínú ife kan. Bí Aránṣọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bọ́tìnnì nìyẹn.

Nígbà tó máa fi di oṣù karùn-ún, Bọ́tìnnì ti ń sọ èdè Aránṣọ bí ẹni pé ìlú Aránṣọ ni wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Bàbá Àgbàfọ̀ ní ẹ̀rù ń ba òun pé ọmọ náà yóò bú òun láìpẹ́. Ó ti mọ̀ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Bó bá fẹ́ sùn, yóò di etí aṣọ Aránṣọ mú, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lọ́jọ́ tí ibà mú un, ẹ̀yìn ni Aránṣọ pọ̀n ọ́n sí, tó fi sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin, tó sáré dé ọsibítù nínú oòrùn ọ̀sán gangan, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀. Ìyá wo ló tún kù?

Lọ́jọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà yọ orí jáde lábẹ́ tábìlì.

"Màmá, ẹ wo èyí, ó ní ihò márùn-ún."

Abẹ́rẹ́ gún Aránṣọ lọ́wọ́. "Rárá o. Àǹtí. Àǹtí ni kó o máa pè mí."

"Màmá mi wá ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí ìwé bá jáde, wàá ní màmá. Ṣó o gbọ́? Ìwé ló máa mú un wá."

Ọmọ náà mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ ìgbà tí oúnjẹ máa jinná fún, ó sì padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

Bàbá Àgbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ọmọ pè ọ́ ní màmá, o ní rárá. Ṣé èébú ló bú ọ ni?"

"Bàbá, ẹ ti rí aṣọ tí mo rán rí láìkọ́kọ́ gán an?"

Òótọ́ ló sọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò sí aṣọ tí kò ní kọ́kọ́ fi òwú funfun gán kiri, òwú tó ṣeé fà yọ láìdá àpá sí aṣọ lára. Ìgbà tó bá rí i pé ó bá oníǹkan mu ló máa tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Ọmọ kì í ṣe ṣòkòtò o," ni Bàbá Àgbàfọ̀ wí.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Bàbá."

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Lóṣooṣù ni obìnrin kan máa ń ti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ wá, pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Aránṣọ á ti fọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á ti to káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára sórí tábìlì. Ó rò pé yàrá ni wọ́n ń wò. Onífáìlì á jókòó ti ọmọ, á bi í léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ lédè wọn, á kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sí Aránṣọ, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, "Kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?"

Bí a ṣe ń kọ́ ọmọlúàbí láti máa bá aláṣẹ sọ̀rọ̀ ni Aránṣọ ṣe fèsì. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìyẹn, mà. Èmi kàn ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ni." Ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ lòun ṣe. Onífáìlì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ.

Ọdún pé. Aránṣọ rán aṣọ aláwọ̀ ewé fún Bọ́tìnnì, ó to bọ́tìnnì mẹ́jọ síwájú rẹ̀, ó sì mú un lọ sílé ẹjọ́. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ti ra súwítì sínú báàgì, nítorí bí wọ́n bá ti jáde síta, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ sọ fún ọmọ náà pé, "Ó yá, pè mí."

Adájọ́ náà jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ fún Aránṣọ.

"Ta nìyẹn tó jókòó síbẹ̀ yẹn?"

"Àǹtí mi."

"Màmá rẹ ńkọ́?"

"Kò tíì dé," ni Bọ́tìnnì wí, pẹ̀lú ohùn tó já gaara. "Àǹtí ní ọjọ́ tí ìwé bá jáde ló máa dé. Mo ń dúró dè é."

Aránṣọ dìde láìgbàṣẹ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni màmá náà. Ẹ̀rù ló bà mí, sà, ẹ̀rù ló bà mí." Adájọ́ gbọ́ ọ tán. Ó ṣí fáìlì, ó wo àkọsílẹ̀ oṣù méjìlá, ó sì sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní ọdún kan lẹ fi kọ́ ọmọ yìí pé ẹ kì í ṣe ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ó ti mọ̀ ọ́n."

Tọkọtaya kan wà nílùú náà tí wọ́n ti ń retí ọmọ láti ọdún mẹ́ta. Àwọn ló kàn.

Ọkọ Aránṣọ gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní, "Wọ́n ní kó o ṣe ìyá, ìwọ ń dúró kí wọ́n fọwọ́ sí i fún ọ." Ó bínú, ó sì pa fóònù. Bàbá Àgbàfọ̀ kàn bá a di àwọn aṣọ ọmọ náà sínú àpò, ó lọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó ká wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, Onífáìlì gun àjà kẹrin wá pẹ̀lú tọkọtaya náà. Ìyàwó ló di ìwé mú, èǹtẹ̀ pupa lára rẹ̀, ó ń mí gúlegúle nítorí àtẹ̀gùn. Bọ́tìnnì wo ìwé náà. Ó wo obìnrin náà.

"Àǹtí, ìwé yẹn nìyẹn?"

Ó yẹ kí Aránṣọ sọ pé rárá. Títí di òní ló ń rò ó.

"Òun ni," ló wí.

Ọmọ náà gbé ife bọ́tìnnì rẹ̀ kalẹ̀. Ó tún aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ̀ ṣe, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Aránṣọ ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá. A ti ń retí yín." Obìnrin náà ò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n ó gbọ́ màmá, ó sì bú sẹ́kún.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tán kí Bọ́tìnnì tó bojú wẹ̀yìn, inú rẹ̀ dùn débi tí kò lè dúró lójú kan.

"Àǹtí! Ẹ ò purọ́ o. Ó dé lóòótọ́."