Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Kọ́kọ́ De Bẹ́líìtì Oníná

Mo rántí òórùn epo rọ̀bì lára ọkọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Ọkọ̀ rẹ̀ ló dojú dé nítòsí Awoye, níbi tí epo ti bo omi, ó sì ti mu nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fà á yọ. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi tí wọ́n fẹ́ wá láti òkè, tí mi ò tiẹ̀ mọ̀wẹ̀, mo jókòó tì í, mo ń bá a mí, bí ẹni pé tí mo bá dáwọ́ dúró, òun náà á dáwọ́ dúró.

Dókítà obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà tó ní ẹ̀rọ tó ń wo inú àyà. Bẹ́líìtì ni, wọ́n á dè é mọ́ni láyà, iná díẹ̀ tí ara kì í mọ̀ á gba inú ẹran ara kọjá. Ibi tí omi wà ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́, ibi tí afẹ́fẹ́ wà kì í jẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn ló fi ń ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń ṣàlàyé, mo ń mi orí bí ọ̀mọ̀wé, mo sì rọra gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí pákó tó rin.

Nígbà tí àwòrán jáde, ojú dókítà yí padà. Ó ní, “Apá òsì ò mí mọ́. Àfi ká gbé e lọ sí ọsíbítù ńlá báyìí.” Òkun sì ń ru lọ́jọ́ náà, àwọn apẹja gan-an ti fa ọkọ̀ wọn gòkè. Bí a bá lọ, omi lè gbé gbogbo wa; bí a ò bá lọ, ó lè kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún.

Dókítà tún fọwọ́ tẹ bẹ́líìtì náà, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lórí rẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀, ó ń dán. “Ta ló fi àdín pa á láyà? Iná kì í gba inú òróró kọjá.”

Ìyá ọkọ mi dìde ní kọ̀rọ̀. “Èmi ni. Mo fi pa á níbi ọkàn. Ṣé òjìjí lẹ fẹ́ dè mọ́ ọmọ mi láyà?” Òjìjí ni ẹja odò tó ń gbọn èèyàn jìgìjìgì, bí bàbá ìyá ọkọ mi bá fẹ́ mú un, àdín ló ń fi pa ọwọ́. Ó ti gbọn ìyá fúnra wọn rí. Ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

A ní kí wọ́n jẹ́ ká fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n kọ̀. Dókítà bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀. Wọ́n wo ọmọ wọn títí, wọ́n wá tú aṣọ wọn sílẹ̀ dé ìbàdí.

“Ẹ kọ́kọ́ dè é mọ́ èmi. Bó bá máa pa èèyàn, èmi ni kó pa.”

A dè é mọ́ wọn. Wọ́n dijú, wọ́n di ọwọ́ mi mú pinpin. Nígbà tó yá, wọ́n la ojú kan. “Ṣé ó ti ṣe tán ni?” Àwọn fúnra wọn ló fi ọṣẹ fọ àyà ọmọ wọn. Àwòrán kejì fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń mí, omi tó wà nísàlẹ̀ ò pọ̀. A dúró de òkun títí tó fi rọlẹ̀, a sì gbé e lọ láàyè.

Ìyá ọkọ mi ti sun oorun ikú báyìí. Ọkọ mi ń hanrun débi pé àwọn ọmọ wa ń ṣàánú mi. Mi ò kì í jí i. Bí mo bá ti ń gbọ́ ọ, màá tún rí arúgbó yẹn pẹ̀lú bẹ́líìtì láyà, tó dijú, tó ń dúró de òjìjí.