Ohùn Bàbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn bí ìyá ọkọ mi, tí wọn ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ṣe kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà!

Ọdún 1998 ni, ní Lálúpọn. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan wà ní pálọ̀ wa tí mo fi ń bá èèyàn tẹ ìwé. Inú rẹ̀ ni ohùn bàbá ọkọ mi wà. Kí Bàbá tó kú, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe wá Màmá lọ sí Erúnmu sínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo gbà á sínú kọ̀ǹpútà. Àfi bí rédíò ṣe jẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn! Kò wá sí ibòmíràn tí ohùn Bàbá kù sí mọ́.

Ó ṣe, háádì dísíìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, bẹ̀rẹ̀ sí í dún kà-kà-kà. Mo mọ̀ pé ó ti fẹ́ kú. Mo sáré ra tuntun n'Íbàdàn, mo so méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ. Mo ní kí n kó ohun gbogbo kúrò nínú ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n jù ú nù.

Màmá, tí wọ́n ń yan gàrí tà, jókòó tì mí. Wọ́n bi mí pé tí mo bá kó o tán, kí ló máa kù nínú ti àtijọ́. Mo ní kò sí.

Háà! Wọ́n figbe ta. "Ìyàwó mi, ta ló ń da gàrí sínú àpò tuntun láì yẹ ìdí àpò wò? Tó bá jò ńkọ́?"

Ta ni mo jẹ́ tí n óò bá Màmá jiyàn? Mo ní ó dáa, ẹ̀dà ni n óò ṣe, ti àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n gbàdúrà sí i, Aládùúrà paraku ni wọ́n. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ fi omi àdúrà wọ́n kọ̀ǹpútà! Mo sáré di ìgò náà mú. Màmá, ẹ̀rọ yìí kì í mumi o!

Ẹ̀dà náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, ni iná bá lọ. Nígbà tó dé, mo wo inú dísíìkì tuntun, mo rí orúkọ tí mo fún ohùn Bàbá. Ọpẹ́ o! Mo ní ó ti parí, mo fẹ́ tú ti àtijọ́ kúrò.

Màmá ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀: òjò tó pa wọ́n lọ́nà Erúnmu, bàtà tí wọ́n yá wọ̀. Màmá ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ohùn dákẹ́. Mo ní ó tán nìyẹn.

Màmá, tí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá sọ ọ́, mi orí. "Kò tíì tán. Wọn ò tíì pè mí."

Ojú tì mí! Orúkọ lásán ló dé, ohùn ò dé tán. Bí mo bá ti ju ti àtijọ́ nù ńkọ́? Mo tún ẹ̀dà mìíràn ṣe, èmi gan-an ló wá ń gbàdúrà báyìí. Ó parí, a sì gbọ́ ọ dópin. Bàbá wúkọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Àbẹ̀kẹ́, bu omi wá fún mi."

"Mo ń bọ̀ o," ni Màmá dáhùn. Wọ́n ti dìde kí wọ́n tó rántí. A sunkún, a tún rẹ́rìn-ín.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí dísíìkì àtijọ́ fi kú. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kó nǹkan láti dísíìkì kan sí òmíràn, ẹ má wo orúkọ nìkan. Ẹ ṣí i, ẹ gbọ́ ọ dópin, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti àtijọ́.

Ohùn ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀yin? Ṣé ibì kan ṣoṣo ló wà? Ẹ sọ tiyín fún mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pàdánù rí!