Ínsúlíìnì Wọ Ọpọlọ Bàbá Mi

Bàbá mi kì í bẹ̀rù omi. Ní Ìbíadé, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, wọn a máa bẹ́ sódò tàwọn ti sípánà lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sá fún. Nígbà tí dókítà ní Àbígí wá sọ fún wọn pé oògùn oníhóró kò ká ìtọ̀ ṣúgà wọn mọ́, pé ínsúlíìnì ni wọn yóò máa gún lójoojúmọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gba oògùn náà, wọ́n gbé e wálé. Ìyá mi fi í sínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi yanrìn tútù yí ká, nítorí iná ìjọba kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Inú ìkòkò yẹn ló wà. Bàbá mi ò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀.

Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà nígbà náà, mò ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì. Ohun tí mo sì ń kọ́ gan-an ni bí purotéènì ṣe ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Ìyá mi pè mí lórí fóònù.

"Bàbá ẹ ò gún abẹ́rẹ́ o. Wọ́n ní ó máa ń wọ ọpọlọ èèyàn. Ṣebí ohun tí ò ń kọ́ nìyẹn? Wá bá wọn sọ ọ́."

Nígbà tí mo dé ilé, Bàbá Télọ̀ ni mo bá lórí àga nínú pálọ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré ni, wọ́n ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀. Àwọn ló mú ìròyìn náà wá. Wọ́n ní àna àwọn kan wà ní Òrù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún ínsúlíìnì, tó wá di pé ó ń kí ewúrẹ́ kú àárọ̀.

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gún un, wọn ò sì jẹun, Bàbá," mo ní. "Ṣúgà ara wọn ló wálẹ̀ jù. Bí wọ́n bá jẹun lásìkò, wọn ò ní kí ewúrẹ́ kankan."

Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè. "Ìwọ lo kàwé. Dá mi lóhùn. Ṣé nǹkan yìí máa ń wọ ọpọlọ àbí kì í wọ̀ ọ́?"

Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá ní kì í wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí gan-an ló ń gba oorun lójú mi, mi ò lè purọ́ nípa rẹ̀. "Ó máa ń wọ̀ ọ́, Bàbá."

Bàbá Télọ̀ fẹ̀yìn ti àga. "Mo wí bẹ́ẹ̀."

Mo yára ṣàlàyé. Mo ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín inú ọpọlọ kò rí bíi tàwọn yòókù, ara wọn dì mọ́ra pinpin débi pé púpọ̀ nínú ohun ńlá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè kọjá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lára iṣan náà tó dá ínsúlíìnì mọ̀, tó ń gbé e kọjá díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí wọ́n tó ṣàìsàn rárá, èyí tí ara wọn ń ṣe fúnra rẹ̀ ti ń wọ ibẹ̀.

"Ìyẹn jẹ́ tara mi," ni bàbá mi wí. "Ó mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tó ti inú ìgò wá ńkọ́?" Wọ́n ronú díẹ̀. "Mi ò lè pò ó mọ́ ẹ̀kọ mu ni?"

"Purotéènì ni, Bàbá. Inú yín á dà á bó ṣe ń da ẹran, kò ní dé inú ẹ̀jẹ̀."

Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi wà, tí wọ́n ń yí ẹja lórí ààrò. Wọn ò wọlé kí wọ́n tó fèsì. "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kó wọ ọpọlọ yín. Bóyá á rí nǹkan tún ṣe níbẹ̀."

Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Ẹ̀rín yẹn ni bàbá mi ò lè gbà. Wọ́n ká ẹ̀wù sókè, wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n dijú pinpin.

"Ó kù díẹ̀?"

"Ó ti tán, Bàbá."

Wọ́n lajú. Wọ́n ní ìjàlọ Ìbíadé ta èyí yọ.

Mo padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò pẹ́ tí ìyá mi tún fi pè. Wọ́n ní àwọn èèyàn ti ń wá sílé wá tọrọ ínsúlíìnì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ṣúgà wálẹ̀, ojú bàbá mi mọ́lẹ̀ sí i, wọn ò jí tọ̀ ní gbogbo òru mọ́, wọ́n ń sùn dáadáa. Ní abà etídò tí àwọn èèyàn ti ń dúró de ọkọ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í na gbogbo ayé ní dráfù. Àwọn tí wọ́n ń nà bi wọ́n léèrè àṣírí rẹ̀. Bàbá mi ní, "Ínsúlíìnì ti wọ ọpọlọ mi. Ọmọ mi tó ń kàwé nípa rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀." Tíṣà kan fẹ́ díẹ̀ torí ìdánwò ìgbéga. Bàbá Télọ̀ ní àwọn ò kọ èyí tó bá ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ ìgò.

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo tún wọkọ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo dúró láàárín wọn ní abà náà.

"Ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà tó bá gún oògùn yìí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ kọjá ààlà. Ṣúgà yẹn sì ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Onítọ̀hún lè dákú, ó lè kú."

Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí wá ni bàbá yín fi ń nà wá?"

"Àìsàn ló ń dà wọ́n láàmú tẹ́lẹ̀, sà. Ìgbà yẹn lẹ̀ ń rí wọn nà."

Mo rò pé bàbá mi á bínú pé mo ba ògo oògùn wọn jẹ́. Wọ́n kàn tún fìlà dé. "Ẹ ti gbọ́. Kì í ṣe ti ìgò. Ọpọlọ tèmi ni."

Bàbá Télọ̀ ò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn náà ń tọ̀ lálẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò ní Àbígí, wọ́n sì lọ. Ìtọ̀ ṣúgà ni lóòótọ́, inú mi dùn pé wọ́n tètè rí i. Inú tiwọn ò dùn. Wọ́n dé láti ọsibítù, wọ́n ju ọ̀rá oògùn sórí tábìlì bàbá mi.

"Oníhóró ni wọ́n fún mi," ni wọ́n wí. "Nọ́ọ̀sì ní tèmi ò tíì burú tó èyí tí wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́."

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́ wọn. "Ní sùúrù, ọ̀rẹ́ mi. Ínṣá Álláhù, tìrẹ náà á burú."